Kí Ara Kọ́kọ́ Balẹ̀: Ìfarabalẹ̀ Nínú Ìtọ́jú Rọpárọsẹ̀ Pẹ̀lú Awò Virtual Reality

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ tẹ́ ẹ ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé, "Prof, ṣé kò sí o?", mo rí gbogbo rẹ̀, ẹ má bínú. Ìlú wa, Ara, ni mo wà láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Rọpárọsẹ̀ ló kọlù wọ́n. Nǹkan dí iṣan ẹ̀jẹ̀ ní apá òsì ọpọlọ wọn, ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún sì kọṣẹ́. Télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn ni wọ́n fi gé aṣọ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, tí wọ́n fi tọ́ ọmọ, tí wọ́n sì fi rán èmi náà lọ sílé ìwé. Ẹ wá wo bí ó ti rí fún mi láti rí i tí ó ń gbọ̀n lórí itan wọn bí ohun tí kì í ṣe tiwọn mọ́.

Ọmọ wọn obìnrin ń ṣòwò ní Àbìjàn. Ẹni tó bá mọ agbègbè Èjìgbò mọ̀ pé bí àdúgbò kan ni Àbìjàn rí lọ́dọ̀ wa. Ẹbí tí kò ní ènìyàn níbẹ̀ kò pọ̀. Ọmọ náà gbọ́ pé àwọn dókítà ìlú òkèèrè ti ń fi géèmù tọ́jú ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù. Ó tu owó jọ, ó ra awò kan, ó sì fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé. Awò dúdú ńlá ni, bíi tàwọn wẹ́dà.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ fi awò náà sí wọn lójú, ilé kún. Géèmù tó wà nínú rẹ̀ ni pé kí wọ́n máa na ọwọ́ mú bọ́ọ̀lù tó ń fò bọ̀. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún, òógùn bò wọ́n. Mo rí i pé wọ́n sé èémí. Dípò kí ọwọ́ ọ̀tún nà, ṣe ló ká kò mọ́ àyà, tí ìka sì di ẹ̀ṣẹ́ gírígírí. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ wọn ti gòkè ju ti àárọ̀ ọjọ́ náà lọ. Wọ́n fi ọwọ́ òsì já awò náà kúrò lójú, wọ́n ní, "Ẹ gbé e lọ. Ṣé ẹ fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?" Ìyàwó wọn bú sẹ́kún. Ọmọ tó wà lórí fóònù ní bóyá irú èyí tó kéré ni òun rà, pé òun á yá owó ra èyí tó tóbi jù ú lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a gbé awò náà lọ fún ọmọbìnrin físíò tó ń tọ́jú wọn ní Òṣogbo. Ó wò ó, ó yẹ ọwọ́ wọn wò, ó ní, "Bàbá, ẹ̀rọ yìí ò burú. Ara yín ni kò tíì balẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá bí ara ṣe máa balẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ tú palẹ̀ lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, n kì í ṣe dókítà. Bí ènìyàn ṣe ń kọ́ nǹkan ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ni. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ka ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo rí i pé ẹ̀kọ́ kíkọ́ gan-an ni ìtọ́jú rọpárọsẹ̀, àti pé ohun tó máa ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú nínú gbọ̀ngàn ìdánwò náà ló da ẹ̀gbọ́n mi láàmú.

Ọpọlọ tó ń kọ́ ọ̀nà tuntun

Rọpárọsẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ bí nǹkan bá dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí apá kan ọpọlọ, tàbí bí iṣan náà bá bẹ́. Apá ọpọlọ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ojú ẹnì kan bá wọ́ sápá kan, tí apá rẹ̀ kan rọ, tí ọ̀rọ̀ sì ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu lójijì, ilé ìwòsàn tó ní dókítà ni kí a sáré gbé e lọ. Kò sí pé à ń dúró wo bí ilẹ̀ yóò ṣe mọ́.

Apá tó kú kì í jí. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò dá ọpọlọ bí òkúta. Àwọn apá tó kù lè kọ́ iṣẹ́ tí apá tó kú ń ṣe tẹ́lẹ̀, bí a bá fún wọn ní ìdí láti kọ́ ọ. Ó dà bí ìgbà tí omi gbé afárá ọ̀nà oko lọ. Ènìyàn kan á gba inú igbó, ẹlòmíràn á tẹ̀ lé e, títí ipa ẹsẹ̀ yóò fi di ọ̀nà. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sì tọ ọ̀nà náà, igbó ni yóò bò ó padà. Bí ọwọ́ tó rọ ṣe rí nìyẹn. À ń lò ó lọ́pọ̀ ìgbà kí ọpọlọ lè la ọ̀nà tuntun dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ibi tí ìṣòro wà gan-an ni "lọ́pọ̀ ìgbà" yẹn. Ní 2009, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà àti Kánádà tẹ ìwé jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti wo ìtọ́jú físíò fún ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù nígbà 312. Wọ́n ka iye ìgbà tí aláìsàn fi ọwọ́ tó rọ ṣe iṣẹ́ gidi, bíi kí ó mú nǹkan tàbí kí ó gbé e. Tí a bá pín in dọ́gba, nǹkan bí ìgbà 32 péré ni ní ìjókòó kan. Bẹ́ẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà lóòjọ́ ni àwọn tó ń fi ẹranko ṣe ìwádìí máa ń lò kí ọpọlọ tó yí padà. Ta ló lè na ọwọ́ mú ife ní igba ìgbà lọ́jọ́ kan láìsú u? Àárẹ̀ á mú un, ọkàn rẹ̀ á sì rẹ̀wẹ̀sì. Ìwádìí sì ti fi hàn pé nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta lára àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó le máa ń bá jà.

Kí ni awò náà ń ṣe?

Ibi tí virtual reality ti wọlé nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ayé inú awò. Bí o bá wọ̀ ọ́, o kò rí yàrá rẹ mọ́. Ọgbà, ọjà, tàbí etí òkun ni wàá máa rí. Bí o bá yí orí, ibẹ̀ náà á yí pẹ̀lú rẹ. Kámẹ́rà kéékèèké ara rẹ̀ ń wo ọwọ́ rẹ, tí o bá gbé ọwọ́ díẹ̀, ọwọ́ tó wà nínú awò á gbé pẹ̀lú. Kí ó tó di pé irú awò yìí dọ́wọ́ ará ìlú, àwọn onífísíò ti ń lo géèmù iwájú tẹlifíṣọ̀n. Nintendo ta Wii ní 2006, Microsoft sì gbé Kinect jáde ní 2010. Nítòsí wa níbí, ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn olùwádìí OAU ti fi géèmù irú èyí tọ́jú àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn, ìwé wọn sì jáde ní 2019. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni.

Ire tó wà nínú rẹ̀ ni pé ó ń sọ àtúnṣe di eré. Ẹni tí kò ní fẹ́ na ọwọ́ ní ìgbà 30 lè mú bọ́ọ̀lù inú awò ní ìgbà 100 láìmọ̀. Ó tún ń jẹ́ kó rí èsì lójú ẹsẹ̀: ó mú un, kò mú un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti di olùkọ́, ẹ mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń rí máàkì rẹ̀ lójoojúmọ́ kì í rí bákan náà pẹ̀lú èyí tó ń dúró de òpin ọdún.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ di iṣẹ́ ìyanu. Ní 2017, àjọ Cochrane kó ìwádìí 72 jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nínú èyí tí àwọn aláìsàn 2,470 wà. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí a bá fi géèmù rọ́pò físíò tí a mọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ fún ọwọ́. Ìgbà tí a bá fi kún un, kí àkókò ìtọ́jú lè pọ̀ sí i, ló ti lè ṣe àǹfààní. Ní 2016 náà, ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní EVREST fi aláìsàn 141 ní Kánádà, Argentina, Peru àti Thailand wé ara wọn. Àwọn kan ta géèmù Wii. Àwọn yòókù ta káàdì, wọ́n ta bíńgò, wọ́n sì ju bọ́ọ̀lù. Ọwọ́ àwọn méjèèjì sàn, kò sì sí èyí tó borí èkejì.

Nítorí náà, ìbéèrè wa kò gbọdọ̀ jẹ́ "awò wo ló tóbi jù?" Irú ara àti irú ọkàn wo ni a gbé wá sídìí awò? Ohun tó yẹ ká bèèrè nìyẹn.

Ara tí kò balẹ̀ kì í kọ́ ẹ̀kọ́

Ẹ wo èdè wa. A ní "ọkàn mi balẹ̀", a ní "farabalẹ̀". Àwọn baba wa ti rí i pé bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn, ṣe ni ara àti ọkàn rẹ̀ máa ń dà bí ohun tó rọ̀ sókè, tí kò kan ilẹ̀. Bí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì náà ṣe ṣàlàyé rẹ̀ kò jìnnà sí èyí. Bí ẹ̀rù bá bà wá, ara á múra ìjà tàbí ìsáré. Ọkàn á máa sáré, èémí á kúrú, ẹ̀jẹ̀ á ru, gbogbo iṣan ara á sì le.

Fún ẹni tí ara rẹ̀ dá, kò burú. Yóò kọjá lọ. Fún ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù, ó ń ba nǹkan mẹ́ta jẹ́.

Èkínní, iṣan. Ọpọlọ tó dá ṣáṣá ló máa ń fi bíréèkì sí iṣan kí ó má le jù. Rọpárọsẹ̀ ti ba bíréèkì náà jẹ́. Bí ẹ̀rù bá wá dé, iṣan apá tó rọ ló máa ń le jù lọ: apá á ká mọ́ àyà, ìka á di ẹ̀ṣẹ́. Bí ó bá tún gbìyànjú pẹ̀lú agbára, ṣe ni yóò máa le sí i. Mo ti rí èyí pẹ̀lú ojú ara mi. Àwọn àgbà sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára.

Èkejì, ọkàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó ní kíláàsì mi á rántí Yerkes àti Dodson, tí wọ́n fi eku ṣe ìwádìí ní 1908. Wọ́n fi iná mànàmáná ta eku jìgì kí ó lè kọ́ ọ̀nà tó yẹ kó gbà. Nígbà tí iṣẹ́ náà le, eku tí iná ta jù kò tètè kọ́ ọ. Ẹ̀rù díẹ̀ ń jí ọpọlọ. Ẹ̀rù púpọ̀ ń dí i. Iṣẹ́ tó le jù lọ láyé ni kí ọpọlọ tún kọ́ bí a ṣe ń na ìka.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tó sé èémí tó sì ń fi agbára ti nǹkan, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ru lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ló bí rọpárọsẹ̀ fún ọ̀pọ̀ jù lọ. Ìwádìí SIREN, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Ọwọ́lábí ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn tó ṣáájú rẹ̀, fi ènìyàn 2,118 tí rọpárọsẹ̀ kọlù ní Nàìjíríà àti Ghana wé iye kan náà tí kò kọlù. Ìwé náà jáde ní 2018. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà lókè pátápátá nínú ohun mọ́kànlá tí wọ́n kà sílẹ̀. Ẹ má fojú kéré èyí: wàhálà ọkàn náà wà nínú mọ́kànlá yẹn.

Awò fúnra rẹ̀ tún lè dá kún ẹ̀rù náà. Ó ń bo ojú àgbàlagbà, kò rí ìyàwó rẹ̀ mọ́, kò rí ilẹ̀ tó tẹ̀. Ojú ń sọ fún un pé ó ń rìn, inú etí tó ń darí ìdúró ara ń sọ pé ó jókòó jẹ́ẹ́. Òòyì á kọ́ ọ, inú á rú u. Ẹni tí ara rẹ̀ ti kọ́kọ́ le ni èyí máa ń ṣe lọ́ṣẹ́ jù.

Ọ̀nà ìfarabalẹ̀ tí a ti dán wò

Ìmọ̀ ìfarabalẹ̀ ti pẹ́. Edmund Jacobson, dókítà ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwé jáde ní 1929 lórí bí ènìyàn ṣe lè mú iṣan le díẹ̀, kí ó sì dẹ̀ ẹ́, láti ibì kan dé ibòmíràn lára, títí gbogbo ara yóò fi rọ̀. Johannes Schultz ní Jámánì kọ tirẹ̀ ní 1932: ènìyàn á jókòó, á máa sọ fún ara rẹ̀ jẹ́jẹ́ pé ọwọ́ òun wúwo, pé ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ní 1975, Herbert Benson ti Harvard fi hàn nínú ìwé rẹ̀ pé èémí jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí à ń tún sọ lè mú kí ọkàn rọra lù.

Ǹjẹ́ ó ṣiṣẹ́ fún ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù? Ní 2016, ìwádìí kékeré kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ènìyàn 21 péré ló wà nínú rẹ̀. Àwọn kan gba síídì ìfarabalẹ̀ lọ sílé, pé kí wọ́n máa gbọ́ ọ ní ìgbà márùn-ún lọ́sẹ̀ fún oṣù kan. Àníyàn ọkàn wọn dín kù ju ti àwọn tí kò gbà á lọ. Ní 2022, ìwádìí mìíràn jáde láti Poland. Wọ́n fi awò virtual reality gbé àwọn aláìsàn lọ sínú ọgbà kan tó tutù, pẹ̀lú ohùn tó ń fọkàn wọn balẹ̀. Àwọn yòókù ṣe ìfarabalẹ̀ Schultz. Físíò ń lọ lọ́wọ́ fún gbogbo wọn. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àwọn tó wọ inú ọgbà náà dín kù jù. Ẹ ṣàkíyèsí o: awò kan náà tó lè dẹ́rù bani lè fọkàn ẹni balẹ̀. Bí a bá ṣe lò ó ni.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti 2001, nínú ìwé ìròyìn BMJ. Àwọn olùwádìí Ítálì kan ní kí ènìyàn 23 ka àdúrà rosary àwọn Kátólíìkì, kí wọ́n sì ka ọ̀rọ̀ yoga. Bí wọ́n ṣe ń kà á, èémí wọn rọra lọ sílẹ̀ sí nǹkan bíi mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan, ìlù ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ wọn sì ń lọ ní ìbámu. Nígbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ṣé tẹ̀sùbáà mi náà ò lè ṣe é ni?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, n ò rí ìdí tí kò fi ní ṣe é."

Bí a ṣe ń ṣe é nílé

Ètò tí ọmọbìnrin físíò náà là sílẹ̀ nìyí. Mo kọ ọ́ bí a ṣe ń ṣe é gan-an, nítorí ó lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí onítọ̀hún fi han ẹni tó ń tọ́jú tirẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Àkọ́kọ́, a ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ó bá kọjá ibi tí dókítà fàlà sí, kò sí awò lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà, wọ́n á jókòó sórí àga tó ní ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, ìrọ̀rí lábẹ́ ọwọ́ ọ̀tún kí ó má rọ̀ sílẹ̀. A ó pa rédíò, a ó sì lé ẹran kúrò lójúde.

Èkejì ni èémí, fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n á fi imú fà á wọlé bí mo bá ṣe ń ka 1 dé 4, wọ́n á sì rọra tú u jáde bí mo bá ṣe ń ka 1 dé 6. Ó di èémí mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan. Ìtújáde ló gbọ́dọ̀ gùn jù, nítorí ìgbà tí a bá ń tú èémí jáde ni ọkàn máa ń rọra lù. A kì í sé e rárá.

Ẹ̀kẹta ni ti Jacobson, ṣùgbọ́n apá tó dá nìkan. Wọ́n á di ẹ̀ṣẹ́ òsì fún ìgbà tí a lè ka márùn-ún, wọ́n á tú u. Wọ́n á gbé èjìká òsì sókè díẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó wálẹ̀. Ní apá tó rọ, a kì í mú un le, kí iṣan má bàa fà. Ti Schultz ni a ń lò fún un. Wọ́n á dijú, wọ́n á máa sọ pé: "Ọwọ́ mi wúwo. Ọwọ́ mi ń lọ́ wọ́ọ́rọ́." Ní ọjọ́ kan, mo ń wo ìka wọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Àtàǹpàkò tó ti há sínú àtẹ́lẹwọ́ láti àárọ̀ rọra jáde fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tó fà á. N kò lè sọ bó ṣe rí lára mi.

Ẹ̀kẹrin, a ó wá gbé awò wọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n a kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù. Ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́, ibi tó tutù ni wọ́n á kàn máa wò, ìyàwó wọn á sì di ọwọ́ òsì wọn mú kí wọ́n mọ̀ pé ilé làwọn wà. Lẹ́yìn náà ni géèmù, èyí tó rọra ń lọ, fún ìṣẹ́jú márùn-ún. A ó bọ́ awò, wọ́n á mí bíi ti àtẹ̀yìnwá fún ìṣẹ́jú méjì, a ó tún padà fún ìṣẹ́jú márùn-ún mìíràn. Bí mo bá ti rí i pé èjìká gòkè tàbí pé wọ́n ti ń sé èémí, mo máa ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tú u." Wọ́n á dúró, wọ́n á tú èémí, ọwọ́ á rọ̀, wọ́n á sì tẹ̀ síwájú.

Kò yẹ kí ìfarabalẹ̀ di oorun o. Ẹ rántí eku Yerkes: ọpọlọ tó sùn kò kọ́ nǹkan kan. Ara ni kó rọ̀, kí ojú là sílẹ̀.

Ìkìlọ̀ tó kù kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe pàtàkì. Ẹni tí gìrì ti mú rí lẹ́yìn rọpárọsẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ awò yìí láìjẹ́ pé dókítà fọwọ́ sí i. Ìjókòó ni kí a ti máa ta á, nítorí ẹni tí kò rí ilẹ̀ lè ṣubú. Bí òòyì, èébì tàbí orí fífọ́ bá dé, ká bọ́ ọ. Ìfarabalẹ̀ kò sì rọ́pò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ má sọ pé Prof ló ní kẹ́ ẹ máa mí, kẹ́ ẹ sì ju oògùn nù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé

Mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ iye sí. Ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ètò yìí, bọ́ọ̀lù 9 ni wọ́n mú kó tó rẹ̀ wọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, wọ́n mú 74. Ọwọ́ kò tíì padà bó ṣe wà o. Ìka kò tíì nà tán, wọn kò sì tíì lè di sáàsì mú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ti lè tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ lórí tábìlì nígbà tí ti òsì bá ń gé e. Ní Sátidé tó kọjá, wọ́n gé aṣọ ọmọ-ọmọ wọn kan báyìí. Ó wọ́ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan.

Nígbà tí kò bá sí iná tí awò sì ti kú, a máa ń gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀. Ihò 12, ọmọ ayò 48: kó, gbé, ju sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ rántí àwọn tó ń ta káàdì nínú ìwádìí EVREST. Ṣùgbọ́n kí a tó ta ayò náà, èémí mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan ni a ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ẹ̀gbọ́n mi kì í fẹ́ kí n jẹ àwọn láyò, ọwọ́ á sì tún le.

Mo ti bá ọmọ wọn ní Àbìjàn sọ̀rọ̀. Mo ní kó má yá owó ra awò ńlá kankan. Èyí tó wà ń lọ̀nà tirẹ̀. Kí ó fi owó náà ṣe owó ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ físíò ní Òṣogbo, àti owó oògùn tí kò gbọdọ̀ já. Ó bi mí pé, "Dádì kékeré, ṣé mímí lásán náà ló wá ṣe gbogbo èyí?" Mo ní rárá. Iṣẹ́ ni ọwọ́ fi ń sàn, awò sì ń jẹ́ kí iṣẹ́ pọ̀. Mímí ló ń jẹ́ kí ara gba iṣẹ́ náà wọlé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ nílé, bí ẹ kò tilẹ̀ ní awò, ẹ jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ òní. Ẹ bá a ka 1 dé 4, ẹ bá a ka 1 dé 6. Ẹ má kánjú.

Ire o.